Ohun Tó Wà Nínú Àpò Ìbàdí Dauren

Ó ti lé ní ọgbọ̀n àpò ìbàdí tí Davlatmo ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kó tó rán ti Dauren. Aṣọ àgọ́ àwọn sójà àtijọ́ ló fi ń rán wọn, aṣọ tí òjò kì í wọ̀. Síìpù rẹ̀, ara jákẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló ti ń tú u. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó ń gba abúlé Rovdara kọjá lọ sórí òkè ló máa ń sùn sílé rẹ̀, okùn àpò wọn á já, wọn á ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá wa fi abẹ́rẹ́ kàn án," títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Nekruz, àbúrò rẹ̀, ló là á yé e ìdí tí wọ́n fi ń so àpò náà mọ́ ìbàdí. Iṣẹ́ Nekruz ni láti máa ṣáájú àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò gba àfonífojì Bartang.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "kẹ̀kẹ́ lè já sódò. Àwọn àpò ńlá tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ á bá a lọ. Ṣé ìbàdí yín lè já sódò kó fi yín sílẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ ṣé. Ohun tí ẹ̀mí èèyàn bá so mọ́, ìbàdí ló ń gbé."

Ìwé ìrìnnà. Fóònù. Irin tí wọ́n fi ń yọ táyà. Oògùn. Davlatmo gbọ́ ọ, ó há a sórí, ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò bí ẹni pé òun ló dá òfin náà sílẹ̀. Ìyẹn ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Kì í ṣe pé kò mọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ìwé mẹ́fà ló kà kí ogun tó tú ilé ẹ̀kọ́ ká. Ìyá wọn kú lẹ́yìn ogun náà, òun ló sì tọ́ Nekruz dàgbà. Ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn náà ti kú. Ẹ̀rù kì í pẹ́ bà á. Bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ yọjú láti ìsàlẹ̀ fèrèsé wo bàtà ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Bàtà kì í purọ́. Ogun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bàtà Dauren jẹ́ bàtà aláwọ̀ ewé tí ẹnu rẹ̀ ti ń ya. Ìyẹn ló jẹ́ kó tètè ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ Kazakh ni, láti Almaty, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣẹ̀rín. Òun nìkan ni Nekruz ń mú lọ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri ẹ̀yìn ilé, wọ́n wọlé, Dauren sì tú àpò ìbàdí rẹ̀, ó gbé e lé Davlatmo lọ́wọ́ bí ẹni gbé òkú ológbò. Ìkọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Èkìrí okùn lásán ló fi so ó.

"Àǹtí, ẹ ṣàánú ẹ̀. Ó ti bá mi gun òkè mẹ́ta. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju èmi gan-an lọ."

"Ìwọ náà ò jọ ẹni tó lókun," ni Davlatmo fi èdè Rọ́ṣíà dá a lóhùn. "Ṣé ìyá rẹ kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi o. Òkè yín ló ń bá mi jẹ ẹ́."

"Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni Nekruz wí láti ìdí iná. "Lánàá, kẹ̀kẹ́ ló gun òun. Èmi ni mo rí i."

"Kẹ̀kẹ́ náà ti rẹ̀, mo ní kó sinmi díẹ̀ léjìká mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Davlatmo rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò tún àpò náà rán. Ó gé aṣọ tuntun. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò nítorí ikùn ń run Dauren, ìdí abẹ́rẹ́ ni Davlatmo sì wà ní ọ̀sán méjèèjì, Dauren á jókòó tì í lórí pèpéle inú ilé, á máa ba nǹkan jẹ́ lórúkọ pé òun ń bá a mú okùn dání. Nígbà míràn á dìde, á jáde lọ wúkọ́. Ó ní eruku ni. Davlatmo gbà á gbọ́. Ta ni eruku Bartang kì í mú wúkọ́?

Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, Dauren nawọ́ sí ohun kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, tó so rọ̀ lára òpó ilé.

"Àǹtí, kí nìyẹn?"

"Búrẹ́dì àbúrò mi. Gbogbo ìgbà tó bá ń lọ ló máa ń gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kù á dúró dè é níbẹ̀. Bó bá dé, á jẹ ẹ́ tán."

Dauren pàtẹ́wọ́. "Ìyá mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Tèmi wà lára ògiri yàrá ìdáná. Ó ní bí mi ò bá padà wá jẹ ẹ́, òun á nà mí."

"Yóò nà ẹ́ lóòótọ́. Mo ti mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n fẹ́ máa lọ. Dauren ti kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò ìbàdí tuntun náà, ó gbé e sílẹ̀ lórí pèpéle, ó bọ́ síwájú ilé lọ bá Nekruz, wọ́n jọ ń tún bíréèkì kẹ̀kẹ́ Nekruz ṣe. Davlatmo wà nínú ilé nìkan. Búrẹ́dì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi wàrà pò, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ èso tut gbígbẹ tó dùn bí oyin.

Ní Rovdara, àlejò kì í gbé àpò jáde nílé ẹni kí oúnjẹ ilé náà má sí nínú rẹ̀. Wọn kì í sì í sọ fún un. Bí wọ́n bá sọ fún un, yóò ní rárá, yóò ní àpò ti kún, ọ̀rọ̀ á wá di ẹ̀bẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti yẹ kó rí i, nígbà tí ebi bá dé, kó rántí ilé.

Ó ṣí síìpù. Ìwé ìrìnnà wà níbẹ̀, fóònù, irin táyà, àti ike kékeré kan, aláwọ̀ sánmà, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ síwájú, tí ó ní ìdérí. Davlatmo mọ ìyẹn. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Irú ike bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Nekruz, èyí tí wọ́n fi ń kán òróró sí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Búrẹ́dì kì í bá òróró ṣéènì sùn nínú àpò kan. Ohun mímọ́ ni búrẹ́dì. Òróró ṣéènì kọ́ sì ni ẹ̀mí èèyàn so mọ́, ó rò bẹ́ẹ̀, àpò irinṣẹ́ ni àyè rẹ̀.

Ó mú èkìrí aṣọ kan, aṣọ pupa olódòdó tó ṣẹ́kù nígbà tó ń rán tìmùtìmù ilé, ó wé ike náà dáadáa kí òróró má baà jò sára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó tì í bọ inú àpò ńlá tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Dauren, láàárín àwọn irin. Ó padà wọlé. Ó fi búrẹ́dì àti tut sínú àpò ìbàdí. Ó fa síìpù. Kò gbà á ju ìwọ̀n ìgbà tí tíì fi ń hó lọ.

Nígbà tí Dauren so àpò náà mọ́ ìdí, ó fi ọwọ́ gbé e wò.

"Àǹtí! Ó mà wúwo o. Kí lẹ fi rán an, òkúta?"

"Okùn tuntun ló wúwo," ni Davlatmo wí.

Irọ́ kékeré. Gbogbo obìnrin Rovdara ló ti pa irú rẹ̀ rí. Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀, ó fi kan èjìká ọ̀tún Dauren kí ọ̀nà lè dára fún un, bí wọ́n ti ń ṣe. Dauren wo èjìká rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dín mi ni?"

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n rín tí wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ lọ.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Davlatmo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Bàtà Imomdod ni, aládùúgbò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó tutù dé orúnkún. Imomdod kì í wọlé kó má pariwo kí wọ́n gbé tíì wá. Lọ́jọ́ náà, ó dúró síta, ó ṣí fìlà.

Davlatmo ṣílẹ̀kùn. "Nekruz ńkọ́?" Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wà láàyè. Jókòó, Davlatmo."

Kò jókòó. Imomdod sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró.

Omi ti gé ọ̀nà lábẹ́ àpáta, bó ti máa ń ṣe nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Imomdod tó bá wọn létí omi gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì àti gbogbo àpò ńlá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á la omi kọjá sí òdìkejì. Nekruz àti Dauren gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lórí àpáta, tàwọn ti àpò ìbàdí wọn. Afẹ́fẹ́ dé, eruku sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè pátápátá, èémí Dauren há. Àìsàn kan ló ní láti kékeré, ikọ́ fée, èyí tó máa ń fún èèyàn láyà pa. Oògùn tó ń fà sẹ́nu fún un kì í kúrò lára rẹ̀.

"Ó ṣí àpò," ni Imomdod wí. "Nekruz ní ó tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Búrẹ́dì, tut, ìwé. Ó ń fi ọwọ́ wá a lórí òkúta bí afọ́jú. Nekruz sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó tú àpò ńlá wò, ó da irin sílẹ̀, ó da aṣọ sílẹ̀. Kò rí i. Nígbà tó fi padà gòkè…" Imomdod fi fìlà nu ojú. "Ike kékeré kan ni, ó ní. Aláwọ̀ sánmà."

Davlatmo gbọ́ "aláwọ̀ sánmà". Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Imomdod rò pé àánú ló mú un.

"Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Nekruz lọ sí ìlú ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òkú náà. Wọ́n ti kó ìwé àti fóònù. Èyí ni wọ́n jù sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n."

Ó na àpò ìbàdí náà sí i. Davlatmo gbà á. Kí ni ì bá ṣe? Ó fi kọ́ ara òpó, sí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì Nekruz, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

*

Wọ́n dá Nekruz padà sílé lọ́jọ́ kẹta, pé kó máa dúró de ìyá òkú tó ń bọ̀ láti Almaty. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: òun ni amọ̀nà, òun ló sì jẹ́ kí aláìsàn gun àpáta láìní oògùn lára. Bí ìyá náà bá fọwọ́ sí i, ó di ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e.

Nekruz jókòó ti òpó. Kò fọwọ́ kan búrẹ́dì tó dúró dè é. Ó ń ka ọ̀rọ̀ kan náà lákàtúnkà.

"Mo bi í, ẹ̀gbọ́n mi. Létí omi. Mo ní, 'Dauren, oògùn rẹ ńkọ́?' Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu àpò báyìí, pàà. Ó ní, 'Ó wà níbí, ọ̀gá mi, ó tilẹ̀ sanra.' Ṣé mo purọ́ ni?"

"O ò purọ́."

"Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ta ló wá yọ ọ́, ṣé iwin òkè ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló yọ ọ́?"

Davlatmo á dìde lọ kó igi sí iná tó ń jó dáadáa. Ó ń ro ó pé: bí mo bá sọ ọ́, wọn á mú mi lọ. Ilé yìí á di ilé tí wọ́n ti pa àlejò. Àwọn ọmọ á máa nawọ́ sí i lójú ọ̀nà. Ó sì ń ro ó pé: bí mi ò bá sọ ọ́, wọn á mú Nekruz. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Òru àti ọ̀sán kò yàtọ̀ fún un. Bí ajá bá gbó, á lọ wo bàtà lábẹ́ fèrèsé.

Àwọn ará abúlé tó wá bá wọn kẹ́dùn ń sọ pé Dauren fúnra rẹ̀ ló gbàgbé. Pé ọmọ ìlú ńlá, kí ló mọ̀. Davlatmo ń gbé tíì fún wọn. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé ó kéré tán, búrẹ́dì Davlatmo ló jẹ kẹ́yìn. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin tí Nekruz dé, kò béèrè mọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀, ó ń wo pèpéle, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló tún wá bà á lẹ́rù ju ìbéèrè lọ.

*

Bàtà méjì ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá náà dé. Bàtà dúdú ọlọ́pàá. Ekejì, bàtà obìnrin ìlú, pẹlẹbẹ, eruku ti sọ ọ́ di funfun, wọ́n sì so okùn rẹ̀ ní ìsokúso, bíi ti ẹni tí ojú rẹ̀ ò sí nílẹ̀.

Kulyash lorúkọ ìyá Dauren. Obìnrin kúkúrú tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, ìbòrí dúdú lórí rẹ̀. Ó kí wọn jẹ́jẹ́. Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí pèpéle, ó fara ti tìmùtìmù kan, ó sì wo òrùlé àti òpó bí ẹni tó ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ wò. Davlatmo gbé tíì oníwàrà wá.

"Ẹ fìdí lélẹ̀, arábìnrin," ni Kulyash wí. "Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi lálejò. Ó pè mí láti ilé yín, níbi tí fóònù ti ń wọlé, lórí òkè yẹn. Ó ní, 'Mama, mo ti rí obìnrin kan tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tìẹ.'"

Davlatmo ti ife tíì náà sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wúkọ́ díẹ̀. Kulyash ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde, ó gbé e sórí aṣọ tábìlì láàárín àwọn ife. Ike kékeré aláwọ̀ sánmà. Èkìrí aṣọ pupa olódòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àná ni mo tú ẹrù rẹ̀ ní ìlú. Èyí wà láàárín àwọn irin. Wọ́n wé e sínú aṣọ yìí, wọ́n wé e dáadáa, bí èèyàn ti ń wé ẹ̀bùn. Ọmọ mi ò ní irú aṣọ yìí. Oògùn rẹ̀ kì í kúrò níbàdí ẹ̀ láti ọmọ ọdún méje. Mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó wé e."

Ojú Davlatmo lọ sí ẹ̀yìn Kulyash. Òdòdó pupa. Tìmùtìmù tí obìnrin náà fara tì, òdòdó kan náà ló wà lára rẹ̀, ewé kan náà. Méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ sún lọ, tí ó ń ti èyí tó sún mọ́ ọn síwájú díẹ̀díẹ̀, kó lè dojú bolẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Nekruz ń wò ó. Nekruz rí orúnkún rẹ̀.

"Èmi ni," ni Nekruz wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Èmi ni mo wé e. Mo rò pé… kí ó má baà fọ́. Èmi ni mo fi í sínú àpò ńlá, mo sì gbàgbé."

Ọ̀gá ọlọ́pàá yọ bírò. "Ṣé ó ti wá jáde báyìí? O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní ìlú. Tún un sọ."

"Irọ́ ló ń pa," ni Davlatmo wí.

Ohùn náà kéré débi tí ọlọ́pàá ní, "Kí lẹ wí, ìyá?"

"Irọ́ ló ń pa. Kò wọlé. Ìdí bíréèkì ló wà. Èmi ni." Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo fẹ́ fi búrẹ́dì sí i. Mo ṣí i, mo rí ike yẹn. Mo rò pé òróró ni. Òróró ṣéènì. Wọ́n ní ike tó jọ ọ́, ẹ bi í, ó ní ike tó jọ ọ́. Búrẹ́dì kì í… mi ò lè fi búrẹ́dì tì í. Mo wé e kó má jò sí i láṣọ. Aṣọ náà nìyí. Òun lẹ fara tì."

Kulyash yíjú. Ó wo tìmùtìmù náà. Ó sún kúrò lára rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí èèyàn ti ń sún kúrò lára iná.

"Òróró," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ẹ ò bi í."

"Wọn kì í bi àlejò. A kì í jẹ́ kó mọ̀." Ẹnu Davlatmo ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti ṣí, kò sì lè tì í mọ́. "Ó kù kan. Nígbà tó so ó mọ́dìí, ó ní ó wúwo. Ó bi mí. Ó ní kí ni mo fi rán an. Ká ní mo sọ pé búrẹ́dì ni, ì bá ṣí i, ì bá wò ó. Mo ní okùn tuntun ló wúwo. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́."

Nekruz gbé orí lé orúnkún. Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò já geere: "Mo rí aṣọ yẹn lọ́jọ́ náà, nínú àpò ńlá. Ọwọ́ mi kàn án. Ohun aláwọ̀ sánmà ni mò ń wá. Mo rò pé àkísà ni, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo délé, tí mò ń wo àwọn tìmùtìmù yìí, ni mo tó…"

Kò parí rẹ̀. Tíì ti tutù, bọ́tà ti dì lójú rẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kọ ìwé, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kí Davlatmo fọwọ́ sí i, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ gbọ́nrangandan bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ọlọ́pàá ní lójú tòun, àṣìṣe ni, kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá ọmọ ni àwọn ń wò.

Kulyash kò wo ìwé náà. "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Búrẹ́dì tó gé jẹ wà lára ògiri mi. Ibi tó gé e hàn, eyín ẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ni kí n fi ṣe? Ẹ̀yin náà ń ṣe é. Ẹ sọ fún mi. Kí lẹ ń fi ṣe?"

Davlatmo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó gé búrẹ́dì bá padà dé. Kò gbọ́ èkejì rí. Wọn kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Ó mi orí. Omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún.

"Àpò náà dà?" ni Kulyash béèrè.

Davlatmo dìde, ó yọ ọ́ lára òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kulyash ṣí síìpù, ó yí inú rẹ̀ síta bí èèyàn ti ń yí àpò aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Èérún búrẹ́dì dà sílẹ̀, àti èso tut kan ṣoṣo, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ pèpéle.

Búrẹ́dì kì í wà nílẹ̀. Obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìrò ó, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára. Wọ́n ń fi ìka ṣa á, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lára ẹní, nínú ihò pákó. Davlatmo rá wọ abẹ́ pèpéle, ó mú tut náà wá. Kulyash na àtẹ́lẹwọ́. Davlatmo da èyí tó ṣà sí i.

Kulyash da èérún náà padà sínú àpò, ó fa síìpù, ó dìde, ó sì so ó mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, lórí ẹ̀wù òtútù. Okùn náà gùn jù. Fún ọkùnrin gíga ni wọ́n ṣe gé e. Àpò náà rọ̀ dé itan rẹ̀.

"Ẹ bá mi dín okùn yìí kù," ló wí, ó wo ògiri.

Davlatmo kò tíì dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti fa okùn náà, tó ká a po, tó fi abẹ́rẹ́ tó máa ń gún mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ kàn án mọ́bẹ̀, ojú mẹ́rin, márùn-ún. Ọwọ́ tó ti rán irú rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbóòórùn ẹ̀wù obìnrin náà: eruku, ọṣẹ, ọkọ̀.

Kulyash wọ bàtà. Davlatmo sọdá síbi ìyẹ̀fun láìmọ̀ pé òun ń lọ, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Èjìká ọ̀tún Kulyash wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà ju nína ọwọ́ lọ. Kò nà á. Búrẹ́dì tó sun láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lábẹ́ aṣọ nínú ilé, ó ṣì gbóná. Kò padà lọ mú un.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣí. Bàtà funfun náà wọlé, ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé.

Nekruz jáde wá dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. "Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. "Afẹ́fẹ́ ń dìde."

Davlatmo ń wo eruku ọkọ̀ náà títí tó fi yí àpáta. Ìgbà tó la ọwọ́, ìyẹ̀fun ti lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ gún.